Lẹ́yìn Ìwé-Ẹ̀rí Ńkọ́?

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò BAC bá ti jáde ní Àjàṣẹ́, ìpàdé ẹbí a bẹ̀rẹ̀. Bàbá a ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀, ìyá a ṣírò owó tí ó wà lọ́wọ́ alájọ, wọn a sì máa bi ara wọn pé Faransé ni àbí Kánádà. Ta ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́? Ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yóò dé sí? Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fi kún un lọ́dún yìí: nígbà tí ọmọ bá gba ìwé-ẹ̀rí tán, ǹjẹ́ òfin ìlú náà yóò gbà fún un láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí ó bá ti kàwé ní ìlú òyìnbó ti ní ẹ̀tọ́ àtiṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ iṣẹ́. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ yàn kí ọmọ tó kúrò nílé ni ó sábà máa ń pinnu bóyá yóò rí ìwé kejì gbà. Bí yíyàn náà bá ti ṣì, kò sí bí ọmọ ṣe lè mọ̀wé tó tí yóò fi tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú Kánádà, nítorí ibẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ ẹbí ń wò nísinsìnyí, pàápàá Québec tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ìwé tí à ń wí ni wọ́n ń pè ní permis de travail postdiplôme. Ẹni tí ó bá ní in lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ èyíkéyìí. Ẹ̀kọ́ tí kò bá tó oṣù 8 kò lè mú un wá. Èyí tí ó bá tó oṣù 8 ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún 2, iye ìgbà tí ẹ̀kọ́ náà gbà ni wọn yóò fi gbani láyè. Èyí tí ó bá tó ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mú ọdún 3 wá. Láti oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tí ó gba master lè rí ọdún 3 náà, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tó ọdún 2. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ènìyàn ní ìwé yìí láyé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀kọ́ oṣù 9 gbà á kò ní rí òmíràn gbà bí ó bá tún lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún 4.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lè gba àlejò wọlé pọ̀ ní Kánádà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè mú ìwé iṣẹ́ wá. Ní Québec, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n fi ìwé yìí mọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jáde nínú ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fi owó ràn lọ́wọ́.

Ìyá kan nínú ìjọ wa mú lẹ́tà ìgbàwọlé ọmọ rẹ̀ wá bá wa. Alágbàtà kan ni ó bá a ṣe é. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi kà á dáadáa o, nítorí ilẹ̀ bàbá wa ní Wàndó ni mo fẹ́ tà sí i.” A kà á. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà dùn ún gbọ́, àwòrán ilé rẹ̀ dára, owó rẹ̀ sì ga. Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ni, ẹ̀kọ́ náà kò sì sí lára àwọn tí ìjọba ń fi owó ràn lọ́wọ́. A kò rí irọ́ kankan nínú lẹ́tà náà. Ohun tí ìyá náà nílò láti mọ̀ gan-an ni wọn kò kọ sí i. Òun ti gbà pé bí ọmọ bá jáde, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 3, yóò sì ra ilẹ̀ mìíràn fún wọn. A kò sọ fún un pé kí ó má rán ọmọ lọ. A ní kí ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n dáhùn nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu lásán, bóyá ẹ̀kọ́ yìí lè mú permis náà wá. Títí di ìgbà tí à ń kọ èyí, ilẹ̀ náà kò tíì di títà.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣebí Faransé ni a fi kàwé láti kékeré?” Bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ẹni tí ó bá ń béèrè ìwé yìí gbọ́dọ̀ fi èsì ìdánwò èdè hàn, ìyẹn TEF Canada tàbí TCF Canada fún àwa tí a ń sọ Faransé. Ipele 7 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jáde ní yunifásítì, ipele 5 lọ́wọ́ ẹni tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tí ó bá béèrè ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ náà wá, tí ó sì ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ tí ó wà nínú ìwé tí ìjọba kọ sílẹ̀, irú bí ìtọ́jú aláìsàn tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba a sì máa yí ìwé náà padà. Èyí kò kan ẹni tí ó gba licence, master tàbí doctorat ní yunifásítì.

Bí ẹ̀kọ́ bá sì parí, ọjọ́ 180 péré ni ọmọ ní láti béèrè. Wọn kì í fúnni ní ọjọ́ tí ó kọjá òpin pásípọ́ọ̀tù ẹni, nítorí náà kí ọmọ má jẹ́ kí tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí ó tó tún un ṣe.

Ti Faransé ńkọ́? Àwọn àgbà lára yín yóò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2011, nígbà tí Claude Guéant, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kọ ìwé àṣẹ tí ó mú kí ó le fún àlejò tí ó ti gba ìwé-ẹ̀rí láti di òṣìṣẹ́. Àwọn tí iṣẹ́ ti ń dúró dè wọ́n ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọdún kan gééré lẹ́yìn náà, ìjọba tuntun fagi lé e. Láti oṣù kẹta ọdún 2019, káàdì kan wà fún ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọdún 1 ni, ṣùgbọ́n licence lásán kò tó. Master tàbí licence professionnelle ni wọ́n ń wò. Àdéhùn kan tún wà láàrin Faransé àti Bénin, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Cotonou ní oṣù kọkànlá ọdún 2007. Kí ọmọ wa béèrè ní préfecture ohun tí àdéhùn yìí sọ fún ọmọ Bénin, kí ó má kàn tẹ̀lé ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará ìlú mìíràn wí.

Nítòsí wa níhìn-ín, ẹnu ọ̀nà kò há tó bẹ́ẹ̀. Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 àti ti 1986 fún ọmọ Bénin ní ẹ̀tọ́ láti gbé ní Nàìjíríà kí ó sì wá iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì fún ọmọ Nàìjíríà náà lọ́dọ̀ wa. Ìwé-ẹ̀rí gan-an ni ó di wàhálà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Nàìjíríà dá gbígba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì Bénin àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba irú rẹ̀ ní Bénin láàrin oṣù 2. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi ọdún 3 jókòó kàwé níhìn-ín ní òtítọ́ bá wọn jẹ nínú ìyà náà.

Bí lẹ́tà ìgbàwọlé bá wà nílé yín, ẹ mú un wá bá wa lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Ẹ rí i pé orúkọ ẹ̀kọ́ náà wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò bá yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kì í gba owó.