Bí Oníjó Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Èkó Ṣe Ń Rí Ibi Jó

Àwọn àbúrò oníjó tó ń ti Òṣogbo àti Ìbàdàn kó wá sí Èkó sábà máa ń pè mí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni wọ́n ti ń ṣe ọ́díṣọ̀n?" Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n wá ibi tí wọ́n á ti máa ṣe rìhásà ná. Bí iṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ olùdarí ijó l'Ékòó, àwọn tó ti ń wo òógùn wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ló máa kọ́kọ́ pè. Àyè tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń ṣe ọ́díṣọ̀n fún.

Bàrígà ni mo máa ń júwe fún ẹni tó bá ti ìdí bàtá tàbí dùndún wá. Ibẹ̀ ni Ṣẹ́gun Adéfilá ti dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní 1996, ibẹ̀ náà sì ni Footprints of David wà. Ijó, ìlù, orin àti eré orí ìtàgé kì í ya ara wọn níbẹ̀, nítorí náà ara kì í pẹ́ mọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ijó òde òní lè wo ọ̀nà ẹgbẹ́ QDance tí Qudus Onikeku dá sílẹ̀, ọmọ Èkó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ sákọ́ọ̀sì nílẹ̀ Faransé kó tó padà wálé. Má sì rò pé Victoria Island nìkan ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Àjàngbàdì ni Daniel Ajala ti dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní 2017, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ballet lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2020, fídíò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà kan tó ń jó nínú òjò láìwọ bàtà tàn káàkiri ayé.

Ẹgbẹ́ yòówù tó o bá yàn, fẹsẹ̀ ara rẹ lọ síbẹ̀. Kí àwọn tó o bá níbẹ̀, béèrè ọjọ́ rìhásà, kó o sì tọrọ àyè láti jókòó wò. Bí wọ́n bá rí ọ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹnì kan á ní kó o dìde, ká wo ẹsẹ̀ rẹ. Tí wọ́n bá ti fi ọ́ sínú WhatsApp wọn, ìròyìn ọ́díṣọ̀n á máa dé etí rẹ kó tó jáde sórí Instagram.

Ṣírò ọ̀nà kó o tó gba ilé. Rìhásà lè parí ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí ilé bá wà ní Ìkòròdú, tí rìhásà sì wà ní Victoria Island, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á jẹ oorun rẹ, orúnkún ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Ọ́díṣọ̀n mi àkọ́kọ́ l'Ékòó kò lọ dáadáa. Wọ́n fi nọ́ńbà mọ́ mi láyà, mo sì lọ dúró sí ìlà ẹ̀yìn kí n lè máa wo àwọn tó wà níwájú. Olùdarí pàtẹ́wọ́: "Fáìfù, síìsì, sẹ́fùn, éètì!" Orin bẹ̀rẹ̀ látinú ẹ̀rọ. Èmi ń retí kí ìyáàlù sọ ohun tí ẹsẹ̀ mi máa ṣe, kí n tó mọ̀, àwọn yòókù ti yípo tán. Wọ́n wá ní kí ìlà ẹ̀yìn bọ́ síwájú, kò sì sí ẹni tí mo lè wò mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìka ka mẹ́jọ-mẹ́jọ lórí tábìlì sí orin yòówù tí wọ́n bá ń kọ nínú rédíò. Ìlà àárín ni mo sì máa ń dúró sí báyìí. Ṣùgbọ́n má tìtorí kíkà yìí ju bàtá nù o! Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n parí, wọ́n sábà máa ń ní kí oníkálukú jó èyí tó bá wù ú. Níbẹ̀ ni èjìká tí ilé ti kọ́ ọ máa ti sọ̀rọ̀ fún ọ, olùdarí tó ti ń wo ìwé lè gbójú sókè.

Wọ́n ń gba oníjó fún eré olórin bíi Fela and the Kalakuta Queens, tí Bọ́lánlé Austen-Peters gbé jáde ní 2017, àti fún fídíò orin àti òde ìgbéyàwó. Ọ́díṣọ̀n tó bá ń gba owó fọ́ọ̀mù, tàbí tó ní kó o wá sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, má dé ibẹ̀. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ rìhásà, béèrè iye tí wọ́n máa san, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, bóyá owó ọkọ̀ rìhásà wà nínú rẹ̀, àti ẹni tó máa tọ́jú rẹ bí ẹsẹ̀ bá rọ́. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà ṣe lórí WhatsApp.

Iṣẹ́ oṣù Dìsẹ́ńbà ló máa ń pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n ti máa ń yan oníjó rẹ̀ ṣáájú. Bí o bá dé ní Nòfẹ́ńbà, fi ìyókù ọdún wo eré, kó o mọ ẹni tó ń darí kí ni. Tó bá di Jánúárì, tí ọ̀pọ̀ oníjó ṣì ń sinmi nílé, lọ kí àwọn olùdarí náà ní rìhásà.