Mọ Àdúgbò, Má Mọ Ojúlé

Kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà ní 1969, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Tamale tàbí Kumasi kì í pẹ́ kó tó rí ará ilé. Á béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò Yorùbá àkọ́kọ́ tó bá rí lọ́jà pé níbo ni àwọn ará ìlú òun ń gbé. Ẹni náà kò ní sáré nawọ́ sí ilé ẹnikẹ́ni. Á ní, "Ìwọ ọmọ ta ni? Agboolé wo?" Bí èsì bá bọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n á mú àlejò lọ sọ́dọ̀ bàbá tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ìlú níbẹ̀, bàbá á sì ránṣẹ́ pe ẹni tí wọ́n ń wá. Títí di òní, ní Kánò, ní Peckham, ní Houston, bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣe ń ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń wá á ti gbọ́ kí ẹni tó ń wá a tó kan ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wà tí kò ní ìlú. Debian jẹ́ ọ̀kan. Ian Murdock ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1993, iṣẹ́ wọn sì ni láti kó àwọn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jọ, kí ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ayé ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ wá. Èèyàn lè bá ẹnìkejì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ bó ṣe rí lójú. Síbẹ̀, wọ́n ní òfin kan tó ṣòro fún íntánẹ́ẹ̀tì nìkan láti mú ṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ń buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ti wà nílé sì ní láti jẹ́rìí pé òun ló ni ín lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe sábà ń jẹ́rìí náà ni pé kí wọ́n pàdé lójúkojú, kí wọ́n yẹ ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ ara wọn wò. Ẹni tó wà ní Berlin kò ní ìṣòro. Ẹni tó wà ní Ìlọrin ńkọ́?

Debian ní àkọsílẹ̀ àwọn tó yọ̀ǹda láti jẹ́rìí fún èèyàn, tí wọ́n tò ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ní àwòrán ayé kan tí àmì wà káàkiri lórí rẹ̀, tí orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀; ọmọ ẹgbẹ́ tó bá wù ló ń kọ ibi tó wà sílẹ̀. Àwọn tí ọ̀nà bá jìn fún ń dúró de ìpàdé ọdọọdún wọn, DebConf, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Bordeaux ní 2000.

Àwọn mìíràn rò pé wíwá ẹni tó wà nítòsí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣebí fóònù mọ ibi tó wà? Kó sáà sọ ìjìnnà ẹnì kan sí ẹnìkejì, ó parí. Tinder, áàpù tí wọ́n fi ń wá olólùfẹ́, ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan. Ní oṣù kejì 2014, àwọn onímọ̀ ààbò ní Include Security ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé odidi máìlì ni áàpù náà ń fi han èèyàn lójú, àmọ́ lábẹ́, iye tó pé pérépéré ló ń ránṣẹ́ sí fóònù.

Kí ni ìyẹn lè ṣe? Ká ní ẹni tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀ ń gbé ní Ìbàdàn. Ọdẹ náà á purọ́ fún áàpù pé Mókọ́lá lòun wà, áàpù á sọ bí onítọ̀hún ṣe jìnnà sí i tó, ọdẹ á sì fi ìjìnnà yẹn fa òbìrìkítí yí Mókọ́lá po. Onítọ̀hún wà níbì kan lórí ìlà yẹn. Á tún ní Challenge lòun wà, á fa òmíràn. Òbìrìkítí méjèèjì á gé ara wọn níbi méjì. Á ní òun ti dé Ìwó Road: òbìrìkítí kẹta á yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Kò dìde lórí àga, ó ti mọ ilé onílé.

Kí wọ́n sọ ìjìnnà di odidi nọ́ńbà kò tó láti dí ihò yìí. Ẹni tó ń purọ́ ibi tó wà lè máa sún díẹ̀díẹ̀ títí kìlómítà 2 yóò fi di 3. Níbi tó ti yí padà gan-an, ó ti mọ ohun tó fẹ́ mọ̀. Bí wọ́n bá sì ń da ibi tí èèyàn wà rú lọ́nà ọ̀tọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè, ẹni tó bá ní sùúrù láti béèrè ní ọgọ́rùn-ún ìgbà á ṣírò àárín gbogbo èsì, òótọ́ á sì jáde. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀, má tilẹ̀ mọ ojúlé. Kó mọ àdúgbò nìkan, kó sì ti ibẹ̀ ṣírò.

Àwọn tó ń fi rédíò pe ara wọn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ ti rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí olè kọ́ ni wọ́n ṣe é. Ní 1980, níbi ìpàdé kan ní Maidenhead, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe pín ayé sí onígun mẹ́rin. Lẹ́tà méjì dúró fún apá ńlá, nọ́ńbà méjì tún un pín sí ìwọ̀n dígírì 2 ní ìlà òòró àti dígírì 1 ní ìlà ìbú. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 220 láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, àti 110 láti gúúsù sí àríwá. Èkó wà nínú JJ16. Ìbàdàn wà nínú JJ17. Abẹ́òkúta àti Ìṣẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní JJ17 lòun wà kò tíì sọ ohun tí ọlọ́ṣà lè lò. Bó bá fẹ́ káwọn èèyàn túbọ̀ mọ apá ibi tó wà, á fi lẹ́tà méjì kún un, ìpín náà á sì kéré dé bíi kìlómítà 9 sí 5.

Ààlà ló máa ń tanni. Ìwó sún mọ́ Ìbàdàn ju Ìṣẹ́yìn lọ dáadáa, síbẹ̀ inú JJ27 ni Ìwó bọ́ sí. Ètò tó bá ń wo ìpín ẹni nìkan á fi ará Ìbàdàn han ará Ìṣẹ́yìn, á sì fi í pamọ́ fún ará Ìwó. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó wo ìpín mẹ́jọ tó yí teni ká pẹ̀lú.

Pé ẹnì kan wà ní JJ17, a kò gbọdọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ fi orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ léni lọ́wọ́. Kí ìbéèrè gba ọ̀dọ̀ alárinà, gẹ́gẹ́ bí bàbá Tamale, kí ẹni tí wọ́n ń wá pinnu bóyá òun á dáhùn. Obìnrin tó ń dá gbé kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un.

Wikipedia tilẹ̀ dorí ọ̀rọ̀ náà kodò. Láti ìgbà tí àwọn tó ń kọ ọ́ ti kọ́kọ́ pàdé ní Munich, ní oṣù kẹwàá 2003, ìpàdé irú rẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú. Lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìpàdé kì í wá àwọn tó wà nítòsí rárá. Á sọ apá ilẹ̀ tó kàn, á kọ ọjọ́ àti ibi ìpàdé, ìkéde á sì yọ lójú àwọn tí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì wọn fi hàn pé wọ́n wà lágbègbè náà. Ẹni tó wù á wá. Ẹni tí kò wù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Àbùkù rẹ̀ ni pé àdírẹ́sì ẹni tó ń lo dátà fóònù ní Adó-Èkìtì lè fi hàn bí ẹni pé Èkó ló wà. Kí ẹni tó ń pe ìpàdé ní Adó fa ilẹ̀ rẹ̀ dé Èkó nígbà náà. Àwọn ará Èkó á rí ìkéde tí kò kàn wọ́n, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.