Ewu Tí Ó Wà Nínú Fífi Àjà Kún Ilé Láìgba Ìwé Àṣẹ

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí owó kòkó sì wọlé, ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń rántí àtúnṣe ilé. Ẹni tí ó ní ilé ilẹ̀ a fẹ́ sọ ọ́ di pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ẹlòmíràn a fẹ́ wó ògiri àárín yàrá méjì kí ó lè di ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ rere ni àtúnṣe ilé, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é láìgba ìwé àṣẹ, ó lè di ikú fún onílé, fún ayálégbé, àti fún aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìpìlẹ̀ tí a gbẹ́ fún ilé ilẹ̀, ìwúwo ilé ilẹ̀ ni ó lè gbé. Bí a bá gbé àjà lé e lórí, ó lè rì díẹ̀díẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ àbàtà. Ògiri yóò là, ilẹ̀kùn kò sì ní í ṣé pa dé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ògiri ni a lè wó: òmíràn kàn pín yàrá níyà ni, òmíràn ni ó ru òrùlé. Ìkánjú bíríkìlà pẹ̀lú a máa ba iṣẹ́ jẹ́. Ọjọ́ 28 ni a ń kà kí kọnkéré tó ní agbára tí a ṣírò fún un, ṣùgbọ́n níbi tí kò sí olùbẹ̀wò, wọn a yọ igi abẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ní ọjọ́ 12 oṣù September, ọdún 2014, ilé àlejò kan wó ní Ìkọ̀tún, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí a ń fi àjà kún un lọ́wọ́. Ènìyàn 116 ni ó kú, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ará Gúúsù Áfíríkà. Adájọ́ tí ó wádìí ikú wọn sọ ní ọdún 2015 pé a kò gba ìwé àṣẹ fún ilé náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù November, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí; àjà 15 ni àwọn aláṣẹ sọ pé àwọn fọwọ́ sí. Ènìyàn tí ó ju 40 lọ kú, ẹni tí ó ń kọ́ ilé náà sì wà nínú wọn.

Ewu mìíràn wà tí kì í pariwo. Yàrá tí a fi kún ilé lè dí fèrèsé ẹlòmíràn tàbí ojú àgbàrá. Ṣáláńgá tuntun lè súnmọ́ kànga jù. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ti bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1928, nítorí ilé tí ó fún mọ́ra.

Òtítọ́ ni pé ìwé àṣẹ ń gba owó àti sùúrù. Ṣùgbọ́n ìjọba lè wó ilé tí kò ní i, òkú kò sì ṣeé rà padà. Nítorí náà:

1. Kí onílé mú ẹnjiníà tí ó gba ìwé ẹ̀rí wá wo ìpìlẹ̀ àti òpó.
2. Kí ó gba ìwé àṣẹ kí ó tó ra sìmẹ́ńtì. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASPPPA ni ó ń fúnni. Àjọ LASBCA ni ó ń bẹ iṣẹ́ wò.
3. Kí ó má ṣe fi àjà kan ṣoṣo kọjá iye tí a fọwọ́ sí.
4. Bí ògiri bá là tí ó sì ń fẹ̀ sí i, kí gbogbo ará ilé jáde kíákíá, kí wọn sì ké sí aláṣẹ.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.