Ìyàtọ̀ Bíńtín Inú Énsáìmù COX àti Ohun Tí Ó Dá Sílẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn oògùn ìrora tó wọ́pọ̀, bí aspirin, ibuprofen, diclofenac àti piroxicam, ohun kan náà ni wọ́n ń dojú kọ nínú ara, ìyẹn énsáìmù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyclooxygenase, tí wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí COX. Énsáìmù jẹ́ pùrótéènì tí ń mú kí àyípadà kan yára ṣẹlẹ̀ nínú ara láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán sínú iṣẹ́ náà. Ọ̀rá ni COX ń ṣiṣẹ́ lé lórí: nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá farapa, arachidonic acid, ọ̀rá kan tó ní kábọ́ọ̀nù 20, a já kúrò lára awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì náà, COX a sì fi ọ́síjìn kún un, kí àwọn énsáìmù mìíràn tó sọ ọ́ di prostaglandin E2, tí ń fa ríro, wíwú àti ara gbígbóná, tàbí thromboxane, tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí prostacyclin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Prostaglandin kan náà tí ń fa ìrora yìí ló sì ń dáàbò bo ikùn lọ́wọ́ omi kíkan tí ń lọ oúnjẹ.

Ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ti ń ta aspirin láti ọdún 1899, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1971 kí John Vane tó fi hàn ní ìlú London pé ṣe ni oògùn náà ń dá ìpèsè prostaglandin dúró, iṣẹ́ tí ó mú kí ó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1982. Àwárí yìí ṣàlàyé ìdí tí lílo aspirin pẹ́ fi ń dá ọgbẹ́ sí ikùn àwọn kan: bó ti ń pa ìrora, bẹ́ẹ̀ ló ń mú ààbò ikùn kúrò.

Ní ọdún 1991 ni ó hàn gbangba pé COX kì í ṣe ẹyọ kan. COX-1 máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà gbogbo nínú ikùn àti nínú plétílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èérún sẹ́ẹ̀lì tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. COX-2 ní tirẹ̀ ni èyí tí ara sábà máa ń pèsè nígbà tí ìfarapa bá dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíndìnrín àti iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í wà láìní in. Lójú àwọn olóògùn, kí wọ́n dí COX-2 kí wọ́n sì fi COX-1 sílẹ̀ ló kù, ṣùgbọ́n méjèèjì jọra gidigidi. Ihò tóóró kan wọ inú énsáìmù kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀rá ń gbà dé ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ojú ibì kan lára ògiri ihò náà, tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 523, amínò ásíìdì, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń to pùrótéènì, tó wà ní COX-1 ni isoleucine, ti COX-2 sì ni valine. Ohun tí isoleucine fi ju valine lọ kò ju kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn méjì, síbẹ̀ ìyẹn tó láti dí ẹnu yàrá kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà ní COX-1, nígbà tí ti COX-2 ṣí sílẹ̀. Inú yàrá yìí ni apá kan lára celecoxib, oògùn tí ń dí COX-2 tó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1998, ń wọ̀ sí. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi isoleucine rọ́pò valine yẹn lára COX-2, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Àṣàyàn tó múná bẹ́ẹ̀ ní ewu tirẹ̀. COX-2 ló ń pèsè púpọ̀ nínú prostacyclin, COX-1 inú plétílẹ́ẹ̀tì ló sì ń pèsè thromboxane, nítorí náà oògùn tó bá dí COX-2 nìkan dín èyí tí ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì fi èyí tí ń mú un dì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, ilé iṣẹ́ Merck kó rofecoxib, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n ń tà ní Vioxx, kúrò lórí àtẹ, lẹ́yìn tí ìwádìí kan fi hàn pé àìsàn ọkàn òjijì àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó ju oṣù 18 lọ. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àjálù tí kò ní àmì, nítorí ìwádìí tó jáde ní ọdún 2000 ti fi hàn pé ikùn àwọn tó ń lo Vioxx sàn ju ti àwọn tó ń lo naproxen, oògùn ìrora mìíràn, lọ, àmọ́ pé ọkàn wọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Énsáìmù náà a máa yan ọ̀rá tí yóò bá ṣiṣẹ́, apá yìí ni kò sì gbajúmọ̀ tó bó ṣe yẹ. EPA, ọ̀rá inú ẹja bíi títù àti ṣàwá, gùn tó arachidonic acid, ṣùgbọ́n COX-1 a máa lọ́ra gan-an lórí rẹ̀, nígbà tí COX-2 ń ṣe é dáadáa díẹ̀. COX-2 tún ń gba 2-AG, èyí tí í ṣe arachidonic acid tó so mọ́ glycerol, tí ọpọlọ ń lò láti dín ìrora kù, tí COX-1 kò sì fi bẹ́ẹ̀ lè gbà. Bí COX-2 bá ti yí i padà, agbára ìpìrora rẹ̀ lọ nìyẹn. Lawrence Marnett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vanderbilt University, ní ìlú Nashville, rí i pé ìwọ̀n ibuprofen tí kò tó láti dí iṣẹ́ COX-2 lórí arachidonic acid tó láti dí iṣẹ́ rẹ̀ lórí 2-AG. Àlàyé wọn ni pé apá méjì tó so pọ̀ ni COX-2, tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ tí èkejì ń darí rẹ̀: bí oògùn bá wọ apá kan, iṣẹ́ lórí 2-AG dúró, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tó bá wọ méjèèjì kí ti arachidonic acid tó dúró.

Aspirin yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Àwọn yòókù a wọ ihò náà, wọ́n a sì tún jáde, ṣùgbọ́n aspirin a lẹ apá kan lára ara rẹ̀ mọ́ serine, amínò ásíìdì tó wà ní ojú 530, bí ẹni fi òkúta dí ẹnu kànga, COX-1 náà kò sì ní í ṣiṣẹ́ mọ́. Plétílẹ́ẹ̀tì kò ní núkílíọ̀sì tí yóò fi pèsè òmíràn, nítorí náà ó di ìgbà tí ara bá fi tuntun rọ́pò wọn, láàárín ọjọ́ 7 sí 10, kí ipa oògùn náà tó kúrò. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n kékeré lójoojúmọ́ fi tó fún ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún nítorí ọkàn. Bí ibuprofen bá ti wà nínú ihò náà ṣáájú, aspirin kò ní rí serine yẹn fọwọ́ kàn, yóò sì ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí àyè tó ṣí. Nítorí náà, kí ẹni tí dókítà bá fi sí orí aspirin ojoojúmọ́ sọ ọ́ fún ẹni tí ń ta oògùn kí ó tó ra ibuprofen láti fi wo oríkèé ríro.