Àìsàn celiac: Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá gluten wà nínú oògùn tí dókítà kọ fún yín?

Ẹ mú hóró levothyroxine kan lé àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tí thyroid wọn kò ṣiṣẹ́ tó ló ń lò ó lójoojúmọ́, àwọn kan nínú wọn sì ní àìsàn celiac pẹ̀lú. Ojúlówó oògùn tó wà nínú hóró náà lè má ju máíkírógíráàmù 50 lọ, kò tó ohun tí ọmọ ìka lè ṣà nílẹ̀. Gbogbo ìyókù tó fún hóró náà lára jẹ́ àpòpọ̀ sítáàṣì, ṣúgà, aró, àti ohun tó ń mú kó dì mọ́ra. Inú àpòpọ̀ yìí ni ẹ̀rù ẹni tó ní celiac wà.

Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ gluten, ìyẹn èròjà amúaradàgbà tó wà nínú àlìkámà, báálì àti ráì, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ á dojú ìjà kọ ìfun kékeré rẹ̀. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó ń fa oúnjẹ sára á máa run. Ẹ̀jẹ̀ á dín kù, eegun á di ohun tó ń tètè ṣẹ́, ọmọdé kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Willem Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní Netherlands, ti ń fura sí àlìkámà kí ìyàn ọdún 1944 sí 1945 tó dé. Nígbà tí búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ara àwọn ọmọ tó ń tọ́jú ń yá. Bí búrẹ́dì ṣe padà dé ni àìsàn padà dé. Títí di òní, ìtọ́jú tó wà fún un ni kí èèyàn yàgò fún gluten títí ayé.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2004 pàṣẹ pé oúnjẹ inú páálí tó bá ní àlìkámà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Oògùn tí dókítà ń kọ kò sí lábẹ́ òfin náà. Búrẹ́dì ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún olówó rẹ̀, oògùn tí aláìsàn ń gbé mì láràárọ̀ kò sọ.

Ṣé gluten wà nínú oògùn lóòótọ́? Ọ̀rọ̀ tó ń fọkàn ẹni balẹ̀ wà níbí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, sọ pé àwọn kò mọ oògùn ẹnu kankan lórí àtẹ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyẹ̀fun àlìkámà tàbí gluten rẹ̀ sí. Sítáàṣì àlìkámà ló lè gbé díẹ̀ wọlé, àjọ náà sì fojú bù ú pé kò ní ju mílígíráàmù 0.5 lọ nínú hóró kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: oúnjẹ tí wọ́n kọ "kò ní gluten" sí lára ṣì lè ní tó mílígíráàmù 20 nínú kílógíráàmù kan. Gíráàmù 30 irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè ní mílígíráàmù 0.6, ó ju ti hóró oògùn náà lọ. Sítáàṣì tó sì wọ́pọ̀ jù nínú oògùn, ti àgbàdo ni, àgbàdo tí à ń fi ṣe ògì, tí kò ní gluten rárá.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé ìwé inú páálí lè kọ "starch" tàbí "dextrin" kó má sọ irúgbìn tí wọ́n ti yọ ọ́. Èyí tó tún burú ni pé ilé iṣẹ́ mẹ́ta lè ṣe oògùn kan náà, kí àpòpọ̀ wọn má dọ́gba. Lóṣù yìí hóró yín funfun. Lóṣù tó ń bọ̀ ó di olómi ọsàn, nítorí apòògùn ti ra ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Ọjọ́ tí àwọ̀ bá yí padà ni kí ẹ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, sítáàṣì inú oògùn yìí, kí ni wọ́n fi ṣe é?" Bí apòògùn kò bá mọ̀, kí ó wo DailyMed, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà kó ìwé àlàyé oògùn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ó pe ilé iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìwé inú páálí gbọ́dọ̀ sọ bí sítáàṣì àlìkámà bá wà, àti iye gluten tí hóró kan lè ní.

Inú tó ń run lẹ́yìn oògùn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹjọ́ gluten. Lactose, ṣúgà inú wàrà, wà nínú ọ̀pọ̀ hóró oògùn, ìfun tí celiac ti bà jẹ́ kì í sì í fara mọ́ ọn dáadáa.

Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni ti ẹni tó máa da oògùn rẹ̀ nù nítorí ìfura. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti wárápá tí èèyàn dá dúró lójijì lè pa á kí gluten tó ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ máa lò ó títí ẹ ó fi rí dókítà tàbí apòògùn yín bá sọ̀rọ̀.

Tim Ryan, tó jẹ́ aṣòfin nígbà náà, àti àwọn kan ti gbé àbá òfin síwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n tún gbé e wá ní 2019, pé kí oògùn máa sọ bí gluten bá wà nínú rẹ̀. Kò di òfin. Ohun tí wọ́n fi dandan mú àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì kọ kò yẹ kó ṣòro fún àwọn tó ń ṣe oògùn. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ parí iṣẹ́ yìí.