Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Umenocoleidae àti Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀-Ìperí Sáyẹ́ǹsì ní Èdè Yorùbá

Ìfáàrà
Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ìmọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè, ìlànà náà kò yàtọ̀: ó yẹ kí a mọ ibi tí ẹ̀dá kan ti ṣẹ̀ kí a tó fún un ní orúkọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a wo aṣọ ọrùn ọmọ dípò ilé rẹ̀, a ó sì fi yẹ ọ̀nà tí àwa fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí wò. Àpẹẹrẹ wa ni Umenocoleidae, ẹbí kòkòrò kan tí ó ti kú run, tí ó sì bá aáyán àti máńtíìsì tan.

Agboolé aáyán
Máńtíìsì ni kòkòrò apẹranjẹ tí ó máa ń ká apá iwájú rẹ̀ jọ bí ẹni tí ń gbàdúrà. Lójú lásán, kò jọ aáyán. Síbẹ̀, inú agboolé kan náà, Dictyoptera, ni àwọn onímọ̀ pín àwọn méjèèjì sí. Lára àmì ìbátan wọn ni pé àwọn méjèèjì máa ń kó ẹyin wọn pọ̀ sínú àpò kan. Ikán pàápàá wà níbẹ̀: ìwádìí lórí DNA tí Inward, Beccaloni àti Eggleton gbé jáde ní 2007 fi hàn pé láàrin àwọn aáyán gan-an ni ikán ti ṣẹ̀.

Ìsọmọlórúkọ ọdún 1973
Ní 1973, Chen àti T'an ṣe àpèjúwe kòkòrò kan tí àwòrán ara rẹ̀ kù sára òkúta ní Yumen, ní ẹkùn Gansu ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà Cretaceous ni òkúta náà ti wá, èyí tí ó ti lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún. Ìyẹ́ iwájú kòkòrò náà le bí èèpo, kòtò wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Irú ìyẹ́ líle bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ yímíyímí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Coleoptera. Nítorí náà, wọ́n kà á kún ẹgbẹ́ yìí, wọ́n dá ẹbí tuntun sílẹ̀ fún un, wọ́n sì pè é ní Umenocoleus sinuatus. Yumen ni ó wà níwájú orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àkọ̀, bí àkọ̀ idà, ni ó tẹ̀ lé e.

Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1999, a ṣe àpèjúwe ìbátan rẹ̀ kan, Ponopterix axelrodi, láti inú òkúta Crato ní ìpínlẹ̀ Ceará ní Bùràsíìlì. Nígbà tí a yẹ ètò iṣan inú ìyẹ́ irú àwọn kòkòrò wọ̀nyí wò, agboolé aáyán ni ó tọ́ka sí. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí yàrá tí wọ́n ń gbé nínú agboolé náà. Ní 2014, Nel àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹbí Ponopterixidae sílẹ̀ fún Ponopterix. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ilé yímíyímí mọ́.

Ìjọra yàtọ̀ sí ìbátan. Diploptera punctata, aáyán kan tí ó wà láàyè di òní ní àwọn erékùṣù Pàsífíìkì, ní ìyẹ́ iwájú líle tí ó ní kòtò wẹ́wẹ́ bákan náà. Ẹni méjì lè rán aṣọ kan náà láìjẹ́ ọmọ ìyá.

Ẹ̀kọ́ fún àwọn aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀
Òfin àgbáyé lórí orúkọ ẹranko kò gbà kí a pa orúkọ tì kìkì nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá ẹ̀dá náà mu mọ́. Nítorí náà, "àkọ̀" kò kúrò nínú Umenocoleidae. Bí a bá wá túmọ̀ Coleoptera sí "Aláàkọ̀", tí a sì túmọ̀ Umenocoleidae sí "Aláàkọ̀ Yumen", àṣìṣe 1973 ni a ó tún bí ní èdè Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka orúkọ náà yóò rò pé ọmọ ilé kan náà ni wọ́n.

Àbá wa ni pé kí a fi orúkọ àdáni ẹ̀dá sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí a sì túmọ̀ orúkọ ipò, bí ẹbí àti ẹ̀yà. Èyí náà gba àlàyé. Nínú àṣà wa, àna àti alágbàtọ́ lè di ẹbí. Nínú sáyẹ́ǹsì, ìṣẹ̀dálẹ̀ nìkan ni ó ń sọ ẹ̀dá di ẹbí. Bí a kò bá sọ ìyàtọ̀ yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa fi ìjọra wá ẹbí, bí ti ọdún 1973.

Àgbálọgbábọ̀
Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tí ó lè gbé ìmọ̀ yìí. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà ni láti wo ilé dáadáa kí a tó sọ̀rọ̀.