Lẹ́tà yunifásítì ńlá kì í ṣe ìwé ìgbaniwọlé: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀

Bí àsìkò tí àwọn ọmọ ń kọ̀wé láti wọ yunifásítì bá ti dé ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà a máa ya wọ ilé àwọn tó fẹ́ parí girama bí òjò. Ìwé aláwọ̀ mèremère ni, orúkọ ọmọ yóò hàn gàdàgbà lórí rẹ̀, wọn yóò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú rẹ̀ gan-an ni àwọn ń wá. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ọmọ Yorùbá kan ní Houston tàbí Maryland, òbí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò tíì bùṣe rárá.

Ọ̀nà tí wọ́n fi mọ ọmọ náà kò fara sin. Bí ọmọ bá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò SAT, wọn yóò bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kàn sí òun. Bó bá gbà, College Board tó ni ìdánwò náà lè fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ṣọwọ́ sí àwọn yunifásítì, wọn yóò sì gba owó lórí rẹ̀. Ní 2019, ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ ọ́ pé sẹ́ǹtì 47 ni orúkọ ọmọ kan. Ìyẹn ni pé kò tíì sí ẹni tó yẹ iṣẹ́ ọmọ náà wò nígbà tí lẹ́tà ti ń bọ̀ lọ́nà.

Àǹfààní wà níbẹ̀ o, nítorí ọmọ tálákà lè tibẹ̀ gbọ́ nípa ilé ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń kọ̀wé bá ń pọ̀ sí i, tí àyè kò sì fẹ̀ sí i, àwọn tí wọn yóò dá padà ni yóò máa pọ̀. Àwọn tó kọ̀wé sí Harvard fún ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 jẹ́ 56,937; àwọn 1,942 péré ni wọ́n gbà. Nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò tó mẹ́rin.

Nítorí náà, kí òbí ka lẹ́tà dáadáa. Èyí tó ní kí ọmọ wá kọ̀wé, ìpolówó ni. Èyí tó ní kí ó má san owó fọ́ọ̀mù, owó ló dín kù, kò sọ pé wọn yóò gbà á. Lẹ́tà kan wà tó yàtọ̀, tí wọ́n ń pè ní “likely letter”, tí àwọn yunifásítì mẹ́jọ inú Ivy League lè kọ ṣáájú èsì oṣù kẹta. Èyí fi hàn pé wọn yóò gba ọmọ náà, bí kò bá ti dẹwọ́ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ̀wé ṣáájú nìkan ló lè rí i gbà.

Kí òbí tó náwó sórí fọ́ọ̀mù púpọ̀, kí ó fi máàkì ọmọ rẹ̀ wé ti àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Láti 2011, òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí àwọn yunifásítì tó ń jàǹfààní owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀rọ ìṣirò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìdílé lè fi mọ iye tí wọ́n ṣeé ṣe kí wọ́n san. Kí ilé ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ṣeé wọ̀, tí agbára ìdílé sì ká, wà nínú èyí tí ọmọ yóò kọ̀wé sí, ìbáà jẹ́ pé wọn kò fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́ sí i.